Tirifosa Dà?

Òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí aṣọ iṣẹ́ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mọ́mì á ti lọ aṣọ rẹ̀ tán, á gbé báàgì, á sì jáde lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Èmi nìkan á jẹun, màá ti ilẹ̀kùn, màá sì gba ẹ̀bá omi lọ sílé ìwé.

Bàbá mi, tí iṣẹ́ dá dúró sí Èkó, ló fa orúkọ mi yọ nínú Bíbélì: Tirifena. Àwọn tíṣà á dúró lórí rẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Trifle, orúkọ ìpápánu aládùn kan tí àwọn Òyìnbó máa ń jẹ. Mo bẹ Mọ́mì kó yí i sí Tiffany. Ó ní, "Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Máa jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Nígbà ìsinmi kan tí kò rẹ́ni fi mí tì, ó mú mi lọ sílé ìyá arúgbó Gíríìkì kan tó ń tọ́jú ní Abbey Wood. Mama là ń pè é. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pè é, ó ń ṣàn bí omi.

"Orúkọ ìyá ìyá mi nìyẹn! Ẹni tí wọ́n ń kẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní abúlé wa pàápàá, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Tirifosa dà? Nínú lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Róòmù, Pọ́ọ̀lù ò kí ọ̀kan láìkí èkejì."

Ọwọ́ tí Mọ́mì fi ń nu ẹsẹ̀ Mama dúró. "Kò sí, Mama."

A ò wọ bọ́ọ̀sì nígbà tí a jáde. A rìn dé Lesnes, àwókù ilé ìsìn àtijọ́ kan, a jókòó lórí ògiri kúkúrú. Ibẹ̀ ni Mọ́mì ti sọ fún mi pé méjì ni òun bí, pé wọ́n sọ wá lórúkọ pọ̀, àti pé Tirifosa kò lo oṣù kan láyé.

"Ìwọ ni Táíwò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń pè ọ́ ní Táíwò, wọ́n á máa bi mí pé Kẹ́hìndé dà?"

"Ṣé ó jọ mí, Mọ́mì?"

"Bàbá yín gan-an kì í dá yín mọ̀ yàtọ̀."

Ó fà mí mọ́ra nínú atẹ́gùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò wo aago. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mò ń sún sí, kí àyè lè wà fún Tirifosa.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Woolwich báyìí, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé orúkọ mi kúrú. Bí wọ́n bá bi mí nígbà èwe iye ọmọ tí Mọ́mì bí, màá ní èmi nìkan ni. Ní báyìí, mò ń dáhùn pé méjì ni wá. Lẹ́yìn náà màá máa retí ìbéèrè tí Mọ́mì ń sá fún.