Ìjókòó Àwọn Ìyá Àgbà

Kì í ṣe ọdún nìkan ló ń sọ èèyàn di arúgbó. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi Mildred, tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe pupuru tà ní Àyèká.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó sunkún bí opó ṣe ń sunkún, àwọn èèyàn sì rò pé ó ti tán síbẹ̀. Kò tán. Oúnjẹ kò wù ú, oorun kọ̀ ọ́, orí rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Àjà tó fi ń yan pupuru lórí iná ṣófo. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń ṣe é, á ní, "Ó rẹ̀ mí." Àwọn aládùúgbò gbọ́ ti ara, wọ́n se àgbo fún un. Ó mu ún títí ó fi sú u.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Vivian, ìyàwó tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ́ṣà tó ń fi èrò jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kí ìyá àgbà rọra, ó sì mú un lọ síwájú, sórí àga àwọn ìyá àgbà. Mildred kò jiyàn, ó jókòó. Ohun tó dun èèyàn níbẹ̀ ni pé kò tilẹ̀ bínú.

Agatha, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá, wà lórí àga yẹn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó ṣì ń ru igi láti oko. Àjèjì tó bá rí àwọn méjèèjì á búra pé àbúrò ló bí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rù ba Agatha gidigidi: àbúrò kan ṣoṣo tó ní ló ń lọ lójú rẹ̀ yìí.

Nígbà tí ìsìn parí, ó bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í rí. "Ara ló rẹ̀ ọ́ ni, àbí ọkàn?"

Mildred ní, "Ọkàn ni, ẹ̀gbọ́n mi. N kò lè gbàdúrà mọ́. Ó dà bíi pé Ọlọ́run ń bínú sí mi."

"Má gbà á nígbà náà. Èmi á máa gbà á fún ọ. Ṣùgbọ́n lọ́la, ọsibítù ni à ń lọ."

Ní Okitipupa, nọ́ọ̀sì pè é ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì, ó ní ó lè mú ara gbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì ní kó máa wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Agatha kó ẹrù wá sílé Mildred. Láràárọ̀ ló ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí yóò sì ṣe àmín fúnra rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn.

Èyí kì í ṣe ìtàn ìyanu o. Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Agatha parí àdúrà, ó gbọ́ àmín láti ìdí iná. Mildred jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ ha ara pupuru tí èéfín ti mú dúdú, funfun sì ń yọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Vivian tún na ọwọ́ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mildred rọra yọ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Ọmọ mi, ìjókòó ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Kò tíì kàn mí."

Agatha gbọ́ ọ níwájú, ó sì ké àmín, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì gbàdúrà.