Apá Bàálù Lórí Páànù Gbígbóná

Mo gbọ́ ìró bàtà Bàbá lẹ́nu géètì nígbà tí apá bàálù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, tó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Ó ti kákò. Kí n tó sá a, pẹrẹsẹ ló rí, ó sì gùn láti ìgúnpá mi dé orí ìka. Ní báyìí, etí rẹ̀ ti gbé sókè bí ewé gbígbẹ. Òórùn kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀ gba gbogbo àgbàlá, Bàbá sì ń bọ̀ láti Jímọ̀, ó ń kí àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sáré kó gbogbo rẹ̀ sínú àwo tánganran, mo ki èyí tó bàjẹ́ sáàárín àwọn yòókù, mo sì fi aṣọ bò ó.

"Ṣé wọ́n ti gbẹ, ọma mi?"

"Wọ́n ti gbẹ, Bàbá."

Mi ò purọ́. Wọ́n ti gbẹ, wọ́n tiẹ̀ gbẹ jù.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, lọ́dún 1989. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé dádì mi láti Ìsẹ́yìn wá sí Ọ̀wọ̀, a sì ń gbé yàrá méjì nínú ilé arúgbó kan tí gbogbo ọmọ àgbàlá ń pè ní Bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo sì ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́. Láyé àwọn òyìnbó, Kánò ni Bàbá ti ṣiṣẹ́, ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe. Bó bá ń bá àwa àlejò sọ̀rọ̀, Yorùbá inú ìwé ló ń sọ, àfi "ọma mi" ti Ọ̀wọ̀, ìyẹn ọmọ mi, tí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ló máa ń jáde, èmi kì í sì í gbọ́ ju ìdajì lọ.

Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Kánò ti ṣèlérí fún un pé òun máa fi irú bàálù tí àwọn jọ tọ́jú ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tí èèyàn á fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀. Ọkùnrin náà kú kí ó tó mú ìlérí ṣẹ. Ọmọ rẹ̀ ló wá fi bàálù náà ránṣẹ́ nínú páálí lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán. Kò wá ṣeé ṣe fún Bàbá láti kọ̀wé sí ọmọ olóògbé pé ẹ fún mi ní òmíràn. Nígbà tó gbà á ní pósọ́fíìsì, ó kọ̀ láti gun ọ̀kadà, ó ní wọ́n á gbọ̀n ọ́n jù. Ó gbé e lé èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn ín délé.

Èmi rò pé bàálù la máa bá nínú páálí. Ohun tí a bá dà bí egungun ẹja: ẹ̀ka rọ́bà lóríṣiríṣi, tí nǹkan wẹ́wẹ́ so rọ̀ mọ́ lára, tí nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá kà á fún ọjọ́ méjì, ó lé ní ẹgbẹ̀ta. Àga awakọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀, táyà wà níbẹ̀, àwọn kan ò sì tó hóró ìrẹsì. Ìyá mi yọjú wò ó.

"Bàbá, kí lẹ máa fi èyí ṣe?"

"Màá tò ó."

"Gbogbo ẹ̀?"

Bàbá to àwo tánganran mẹ́fà sábẹ́ fèrèsé, imú bàálù nínú àkọ́kọ́, apá nínú ìkejì, títí dé ìrù. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ṣe iṣẹ́ iléèwé tán, màá jókòó tì í. Èmi ni mò ń ka nọ́ńbà inú ìwé tó bá a wá, nítorí ó ní wọ́n ti kọ ọ́ wẹ́wẹ́ jù fún àgbàlagbà. Òun á wá fi bíléèdì gé e, á fi ẹ̀mú gbé e. Òórùn gọ́ọ̀mù náà máa ń ta mí lójú, á sì pàdé òórùn kánfọ̀ tó wà lára aṣọ rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní: a kì í gé ohunkóhun kí àtàǹpàkò tó rìn ín yíká. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kì í fi í sílẹ̀: "Ó gbọ́dọ̀ parí kí òjò tó dé." Mo bi í bóyá òrùlé ń jò. Ó ní òrùlé kọ́, ìmọ́lẹ̀ ni, ó sì ní kí n ka nọ́ńbà tó kàn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ó ní kí n fi omi ọṣẹ fọ àwọn apá, torí epo tó wà lára wọn ò ní jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú, kí n sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Ta ló ń wá ìbòòji fún ohun tó bá fẹ́ gbẹ ní Ọ̀wọ̀? Kòkó wà lórí sìmẹ́ǹtì, ata wà lórí páànù. Mo ti ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tẹ́ apá bàálù sí àyè rẹ̀, mo sì lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe tẹ́ńtẹ́ǹ.

Nígbà tí Bàbá ṣí aṣọ lórí àwo, èyí tó kákò gan-an ló mú. Ó di ìdí rẹ̀ mú, ó gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó pẹ́. Mo ti ń wá ibi tí màá sá gbà.

"Ó mọ́ dáadáa," ni ó wí. Ó sì dá a padà.

Ó yẹ kí ara tù mí. Ẹ̀rù ló tún bà mí sí i, torí afọ́jú nìkan ni kò ní rí bó ṣe tẹ̀. N kò lè jẹun. Ìyá mi ní ibà ni, ó fún mi ní àgbo dọ́ńgóyárò mu, bí mo ṣe jẹ̀bi tán tí mo tún ń mu ohun kíkorò nìyẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọmọ Bàbá dé láti Àkúrẹ́. Àǹtí là ń pè é. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé bí ojú Bàbá ò bá dáa mọ́, òun á gbé e lọ sọ́dọ̀ òun, Bàbá sì ti sọ fún mi pé bí òun bá dé Àkúrẹ́, òun á kàn máa jókòó bí ẹrù ni.

"Bàbá, ojú yín ńkọ́?"

"Ó dá ṣáká. Ṣé o ò rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni?"

Àǹtí tẹ̀ síwájú láti wo iṣẹ́ náà. Ó mú apá náà nínú àwo. "Kí ló ṣe eléyìí? Ó mà ti kákò. Ẹ ò rí i ni?"

Bàbá na ọwọ́ gbà á. Àtàǹpàkò rẹ̀ rìn létí apá náà, ó dé ibi tó tẹ̀, ó dúró. N kò tíì rí ẹ̀rù lójú àgbàlagbà rí. Mo rí i lọ́jọ́ náà.

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn," ni ó wí.

Àǹtí wo ìkejì rẹ̀ tó nà gbọọrọ nínú àwo. Ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Èmi ni, Àǹtí," mo wí, kíákíá. "Mo sá a sóòrùn. Bàbá rí i lánàá, wọ́n ti bá mi wí. Wọ́n kàn ń bá yín ṣeré ni."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa gbọ́ràn. Ó bá ọkọ̀ ọ̀sán padà lọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Bàbá tún fi àtàǹpàkò rìn létí apá náà. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Gbé omi kaná." A da omi gbígbóná sínú bàsíà, ó ri apá náà sínú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí rọ́bà náà fi ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. A fi pákó méjì há a, a gbé ọmọ ọlọ lé e. Nígbà tó ń nu ọwọ́ ló bi mí pé, "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Àárọ̀ yìí, Bàbá."

"Má sọ fún un. Jẹ́ ká parí ẹ̀."

Mo mi orí. Mo wá rántí pé kò rí mi, mo ní, "Mo gbọ́, sà."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ojú rẹ̀. Èmi ni mò ń sọ àwọ̀ ọ̀dà tí a fi ń kun bàálù náà fún un. Bí Àǹtí bá fẹ́ dé, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ ibi tí kọ́ọ̀bù wà, ibi tí àga wà, ẹ̀rù á sì máa bà mí títí tó fi máa lọ. A parí bàálù náà kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Bàbá pe àwọn aládùúgbò, ó ń fọwọ́ kan ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kò ṣi ọ̀kan. Orí apá òsì ṣì gbé sókè díẹ̀, àtàǹpàkò nìkan ló lè mọ̀.

Òjò dé. Àǹtí wá lọ́jọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀, ó bá Bàbá níbi tó ti ń bu omi sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù. Ó gbé e lọ rí dókítà. Nígbà tó padà wá kó ẹrù rẹ̀, mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ohun tó ń sọ fún ìyá mi: dókítà ní bí wọ́n bá ti gbé e wá ní oṣù mélòó kan ṣáájú, àwọn ì bá rí nǹkan ṣe sí i.

Bàbá wọ ọkọ̀ pẹ̀lú bàálù lórí itan rẹ̀. Ó wá orí mi títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á. "A parí ẹ̀, ọma mi." Inú rẹ̀ dùn. Èyí ló dùn mí jù, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Títí di ìsinsìnyí, mi ò lè ra àwo, tábìlì tàbí bàtà láìfi àtàǹpàkò rìn ín yíká. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun kejì wà tí mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ti darúgbó. Bó bá ní òun ríran dáadáa, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá na ìka sókè, màá ní kó kà á. Ó máa ń bú mi. Mo máa ń jẹ́ kó bú mi tán, mi ò sì ní sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí á fi kà á.