Òṣùpá Tó Dùbúlẹ̀

Ṣí àpótí mi kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ọmọ ọmọ mi. Aṣọ funfun tó wà lábẹ́ ìbora yẹn, yọ ọ́ síta. Eku ti jẹ ẹ́ létí kan, òwú inú rẹ̀ sì ti ń dà. Òun ni òṣùpá tí mo máa ń sọ fún ọ. Kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́.

Èmi kò rí ilé ìwé lọ. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ta aṣọ ní Kùmásí, bí ọmọbìnrin mẹ́rin, ó sì ní kí á máa bá ìyá wa kiri òwú àti abẹ́rẹ́. Ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sí ọjà Asafo gba ẹ̀yìn ilé ìwé kan kọjá. Tí àwọn ọmọ bá ń ké nǹkan pọ̀ nínú kíláàsì, màá sọ igbá mi kalẹ̀, màá ṣe bí ẹni tó ń tún òṣùká ṣe. N kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa. Ohùn wọn tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà ló ń dá mi dúró. Mo dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, mo lọ́kọ, mo bímọ márùn-ún, mo sì rán gbogbo wọn lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu géètì ni èmi máa ń dúró sí. Ojú máa ń tì mí láti wọlé, bíi pé ẹnìkan máa bi mí pé kí ni mo wá ṣe níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ebi ńlá kan tó mú gbogbo ìlú ti kọjá, tí ìyẹ̀fun ti padà sọ́jà, ni tíṣà kan wá sí iwájú ilé wa ní àdúgbò Alabar. Ará Fante ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ tọwọ́tọwọ́. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló ń lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé, wọ́n ń fi eré kọ́ àwọn ọmọ bí òjò ṣe ń di òjò, bí irúgbìn ṣe ń hù, bí ibà ṣe ń ti ara ẹ̀fọn bọ́ sí ara ènìyàn. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò rán ìyẹ́ ẹ̀fọn. Mo gé àwọ̀n ẹ̀fọn mi tó ti gbó, mo rán an mọ́ wáyà.

"Ei, Maame Alata," ó fi Twi sọ ọ́, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa obìnrin Yorùbá níbẹ̀, "àwọ̀n tí a fi ń sá fún ẹ̀fọn lẹ fi rán ẹ̀fọn?"

"Kó má baà jẹ yín lẹ́nu iṣẹ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé àpótí ìjókòó mi. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń rán gbogbo nǹkan wọn. Mo rán òjò, mo rán ẹ̀wà tó ń hù. Mo rán ìfun ènìyàn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sá a yí gbogbo àgbàlá po, tí àwọn aládùúgbò ń béèrè pé ìfun ta nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe eré oòrùn àti òṣùpá, mo gbójú, mo ní, "Tíṣà, aṣọ máa ń ya lójú ọ̀nà. Ta ló ń bá yín lẹ̀ ẹ́?"

Ó wò mí. "Ṣé ẹ fẹ́ bá wa lọ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ fún un pé inú ọgbà ilé ìwé ni mo fẹ́ wọ̀, kí n jókòó lórí bẹ́ńṣì, kí ẹnikẹ́ni má sì lé mi.

"Tí òṣùpá yìí bá dára," ó ní, "ìjókòó kan wà fún yín nínú ọkọ̀."

Mo fi sátíìnì funfun bo àpò ìyẹ̀fun, mo ki òwú àràbà sínú rẹ̀, mo so okùn mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì kí ó lè rọ̀ lókè bí igbá tó ṣí ẹnu sókè. Bí mo ṣe mọ oṣù tuntun nìyẹn láti kékeré. Ojú bàbá mi kò ríran jìnnà, tí ààwẹ̀ bá sì ń bọ̀, kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí oṣù ṣáájú òun. Tí a bá ti kírun Mọ̀gáríbì tán, á gbé mi sí èjìká, á ní, "Wò ó fún mi." Èmi á ní ó wà níhìn-ín, Bàbá, ó dùbúlẹ̀, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Á wá ké sí gbogbo àdúgbò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fún mi tí kì í ṣe ọjà kíkiri nìyẹn.

Mo gbé òṣùpá mi lọ sí abẹ́ àtíbàbà kan ní Asafo níbi tí wọ́n ti ń dánra wò. Ọmọbìnrin tó ń ṣe oòrùn, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló kọ́kọ́ rí i.

"Maame, òṣùpá nìyí àbí ọkọ̀ ojú omi? Ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ lọ pẹja!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé kan sí mi níwájú. Òṣùpá inú ìwé náà nàró ṣánṣán, ó kẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ tún okùn yìí so. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyí."

"Tíṣà, kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀run."

"Maame, àwọn ọmọ máa yà á nínú ìdánwò. Ọjọ́ Mọ́ńdè la ń lọ. Tí kò bá nàró, màá wá ẹlòmíràn tó máa rán an."

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ní, "Ṣé òṣùpá bàbá rẹ ni? Rán ohun tí wọ́n ní kí o rán." Mo jókòó, mo mú sísọ́ọ̀sì. Kí n gé okùn kan, kí n tún un so síbòmíràn, kò gbà ju kí omi hó lórí iná lọ, màá sì wọ ọkọ̀. Mo gé fọ́nrán àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi dúró. Tí wọ́n bá ní kí àwọn ọmọ máa sọ pé ó ń nàró, kí wá ni mo ń sọ fún bàbá mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Mo tún fọ́nrán náà so padà.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Tíṣà. Mo ní, "Ọjọ́ Sọ́ńdè la ó wo oṣù ààwẹ̀. Ẹ wá sílé wa tí wọ́n bá ti pe ìrun Mọ̀gáríbì. Tó bá nàró, màá tú u lójú yín."

"Yoo," ó ní, ó fi Twi gbà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tú ká.

Gbogbo Alabar ló wà níta lọ́jọ́ náà, àwọn mìíràn tilẹ̀ gun orí ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà dé pẹ̀lú ọmọbìnrin oòrùn. Ó gbé orí sókè, ó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ láàárọ̀, ó ń wá òṣùpá kiri. Àwọn ọmọ Hausa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo fà á lápá.

"Ibi tí oòrùn wọ̀ sí ni, Tíṣà. Ìsàlẹ̀ ló máa ń wà."

Ìkùukùu bo ibẹ̀. A dúró, a dúró.

"Maame," ọmọbìnrin oòrùn ní, "ọkọ̀ yín ti rì."

Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bí wọn yóò ṣe lọ láìsí mi. Ìgbà náà ni ìkùukùu ya níbì kan, ẹnìkan sì pariwo. Ó wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ṣí ẹnu sókè.

Tíṣà fi ìka ya bó ṣe tẹ̀ sójú òfuurufú. "Mo ti lé lógójì ọdún, Maame," ó ní. "N kò tíì wò ó dáadáa rí, àfi nínú ìwé."

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ jù ú lọ, ó sì wá fi ọsàn kan àti àtùpà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ìwé náà kò parọ́. Ìlú òtútù tó jìnnà ni àwọn tó ṣe é ti wò ó. Òṣùpá kan náà ló ń nàró fún wọn, tó ń dùbúlẹ̀ fún wa, nítorí ibi tí oníkálukú dúró sí lórí ilẹ̀ ayé. Ó fi ìyẹn kún eré náà.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyẹn ọjọ́ kejì tí a rí oṣù, mo wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ ni, ọ̀fun mi gbẹ, òṣùpá wà lórí itan mi. Ní ẹnu géètì, ọ̀gá ilé ìwé bi mí pé, "Maame, kíláàsì wo lọmọ yín wà?"

"N kò mú ọmọ wá," mo ní, "òṣùpá ni mo mú wá."

Ọmọbìnrin oòrùn rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. Mo wọlé. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà mi. Ẹnìkan ti fi abẹ gbẹ́ nǹkan sára bẹ́ńṣì náà, mo ń fi ìka tọ ojú ibẹ̀. Nígbà tí Tíṣà béèrè pé níbo ni oṣù tuntun ti ń yọ, gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà dáhùn. Ohùn tí mo ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri nígbà èwe mi, mo wà nínú rẹ̀.

Sáà méjì la fi rìn. A dé Ejisu, a dé Mampong. Nígbà tí sáà kẹta wọlé, mo di àpò mi, mo gbé òṣùpá síwájú ilé, mo ń retí ọkọ̀. Kò wá. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin oòrùn fẹsẹ̀ rìn wá sọ fún mi pé wọ́n ti gbé Tíṣà lọ sí ilé ìwé kan ní ọ̀nà Tamale, eré sì ti parí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó gbá òṣùpá mọ́ra bí ọmọ, ó gbé e padà sí ọwọ́ mi, ó lọ.

Títí di òní, tí ilé ìwé bá wọlé, tí ọkọ̀ èrò trotro kan bá dúró níwájú ilé wa, ara mi ṣì máa ń fẹ́ dìde. Bẹ́ńṣì yẹn ni ọkàn mi ń fà sí, àti ohùn àwọn ọmọ yẹn lápá ọ̀tún àti lápá òsì mi.

Ojú mi ti ṣú báyìí bíi ti bàbá mi. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n ń wo oṣù. Tí wọ́n bá pe ìrun, fi bírò yẹn sílẹ̀, bọ́ síta, kọjú sí ibi tí oòrùn wọ̀. Má wo ti inú ìwé rẹ, má sì wo tèmi tó wà nínú àpótí. Wò ó fún mi, kí o wá sọ bó ṣe wà.