Ẹnu Igbá Tí Mo Nù ní Ẹdẹ

Òórùn amọ̀ tútù ló kọ́kọ́ pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé yẹn ní Ẹdẹ, bí òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ rárá. Ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo wa ti là. Àmù ńlá kan tí wọ́n rì mọ́ iyanrìn tútù ní kọ̀rọ̀ ni òórùn náà ti ń wá. Wọ́n fi ọmọrí igi dé e, igbá ìmumi kan sì dojú dé lórí ọmọrí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, igbá kékeré mìíràn wà tí omi wà nínú rẹ̀, ewé tútù kan ni wọ́n fi bò ó. Ìwọ tí o mọ ilé ìyá mi ní Sàró, o mọ bí a ṣe tọ́ wa dàgbà. Olúkúlùkù ló ní ife tíì tirẹ̀, ọmọ kan kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ife ọmọ kejì, a sì gbọ́dọ̀ fi aṣọ funfun nu etí ife kí a tó mu ún. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n pè é fún wa, mo sì gbé e wọ Ẹdẹ tòun ti bàtà mi tó ń dún kòkòkà.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà. Akọ̀wé ni mí ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan tó ń ra ẹ̀kùrọ́. Àmọ́ n kò ní tàn ọ́, kì í ṣe tìtorí ẹ̀kùrọ́ ni mo ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀. Bàbá bàbá mi, tí ogun kó ní èwe, tí ọkọ̀ òkun sì já a sílẹ̀ ní Sàró, ti fi orúkọ agbo ilé rẹ̀ ní Ẹdẹ kọ́ bàbá mi, bàbá mi náà sì fi kọ́ mi. Ohun tí mo ń wá ni kí ẹnì kan wò mí lójú ní Ẹdẹ kó ní, "Ọmọ wa nìyí." N kò tíì fẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ti fi bí oṣù méjì wo bí ará ìlú ṣe ń mu nǹkan, ó sì wù mí gidigidi. Àwọn abọ̀rìṣà tó ń ru ẹ̀kùrọ́ wá láti ìlú Ara àti Awo máa ń yí akèrègbè ẹmu ká lábẹ́ igi tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo wọn, lẹ́yìn náà ni igbá kan ṣoṣo yóò máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Àwọn Mùsùlùmí kì í fẹnu kan ẹmu ní tiwọn, ṣùgbọ́n omi lásán ni wọ́n sọ di ohun iyì. Wọn kì í bi àlejò ní ohun tó gbé e wá àfi tó bá ti mumi. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ṣe bísímílàhì, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún gbé igbá, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ̀rọ̀ títí igbá yóò fi kúrò lẹ́nu. Àwa ní Sàró, òfófó là ń ṣe, tíì kàn ń bá a lọ ni. Mo rí gbogbo èyí, mo fẹ́ràn rẹ̀, kò kàn yé mi ni.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, baálé agbo ilé gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ mumi ná, àlejò."

Ìyá àgbà, tó dàgbà jù nínú ilé náà, ń ran òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ṣí ewé kúrò lórí igbá kékeré yẹn, wọ́n mu ẹnu kan níbẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Ni èmi ọ̀mọ̀wé bá yọ aṣọ ìnujú funfun láti inú àpò, mo nu ibi tí ètè ìyá kàn dáadáa, mo mu ún tán, mo tún rẹ́rìn-ín sí wọn. Lẹ́yìn náà ni mo ro ẹjọ́ mi látòkè délẹ̀. Baálé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti sọ ilẹ̀ wọn di ohun tí gbogbo ayé ń wá, onírúurú ènìyàn ló ń yọjú pé ọmọ ilé làwọn.

"Ọ̀rọ̀ yín dùn, àlejò," ni ó wí. "Ó dàbọ̀."

Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá onílé mi, aláró kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ó pàtẹ́wọ́, ó kígbe.

"Ẹ̀yin akọ̀wé yìí! Ìyá arúgbó fi ẹ̀mí ara wọn ṣáájú tiyín, wọ́n ní bí nǹkan búburú bá wà nínú omi, kó kọ́kọ́ pa àwọn. Ẹ wá ń nu ẹnu wọn dànù bí ẹni ń nu imí adìẹ!"

Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun. Mo fi ìka àbámọ̀ bọnu. Òkun tí bàbá bàbá mi kọjá kò ya èmi àti wọn tó aṣọ kékeré yẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ. Baálé ṣì wà ní mọ́sáláásí, ìyá àgbà nìkan ló jókòó ti òwú wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú kóòtù mi.

"Ìyá, òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Aṣọ ìnujú yín ńkọ́?"

"Mo fi sílé, ìyá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sí eyín kan lẹ́nu wọn. Igbá aléwé yẹn náà ni wọ́n tún gbé. Wọ́n mu ẹnu kan, wọ́n nà án sí mi. Mo yí igbá náà títí ibi tí ètè wọn tutù sí fi kọjú sí mi, mo sì gbé ẹnu lé e gan-an. Omi náà tutù, ó ń ta sánsán amọ̀.

"Àbúrò bàbá mi ni ogun kó lójú ọ̀nà Awo," ni ìyá wí. "Kò tíì mu omi àárọ̀ tó fi jáde. Ìyá rẹ̀ ń bu omi sílẹ̀ dè é láràárọ̀ títí ó fi kú. Ìyá mi náà bù ú, èmi náà ń bù ú. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti dá iwájú orí rẹ mọ̀ lọ́jọ́sí, ó jọ ti bàbá mi gẹ́lẹ́, ni mo ṣe fún ọ ní omi rẹ̀. Ìgbà tí o nu igbá, mo ní bóyá ojú ló tàn mí."

Mo sunkún bí ọmọdé, n kò tijú. Bẹ́ẹ̀ ni baálé wọlé bá wa. Ìyá kò gbójú kúrò lára òwú.

"Ọmọ wa ti mumi," ni wọ́n sọ fún un.

Baálé wo ojú mi, ó wo ojú ìyá. Ó gba igbá lọ́wọ́ mi, ó ṣe bísímílàhì, ó sì mu ìyókù.

Títí di òní, mo fẹ́ràn tíì, ife mi ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọ ilé mi, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mu. Wọ́n ti kọ́ mi ní kékeré pé kí n pa ẹnu mi mọ́ kúrò lára tẹlòmíràn, ará Ẹdẹ ló kọ́ mi pé ènìyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo tún lọ kí ìyá àgbà, n kò rí igbá aléwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù mọ́. Mo bi wọ́n léèrè rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí àwọn ń bù ú dè ti dé, ó sì ti mu ún.