Òkìtì Ibojì Lójú Ọ̀nà Ọjà Olúwo

Títí di òní, bí mo bá ń gbé ẹja lọ sí Ọjà Olúwo, n kì í ṣàì rí ẹnì kan kí ó nawọ́ sí ibojì àwa ará Èkó lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó ní, "Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe tò lọ rẹrẹ. Àwọn ni wọ́n kó olóde wọ Ẹ̀pẹ́." Inú a máa bí mi. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń wò, kí ó panu mọ́. Sèlíátù, ìyá bàbá mi, gba ohun tí òkìtì wọ̀nyẹn sọ gbọ́, ìgbàgbọ́ náà ni ó sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sèlíátù wà lára àwọn tí wọ́n bá ọba wọn sá kúrò l'Ékòó nígbà tí àgbá òyìnbó fọ́ ìlú. Bàbá mi àti Mùlíkátù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni ìyá wọn kó wọnú ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni ó ń yan tà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́ ni wíwẹ òkú. Bí obìnrin mùsùlùmí bá kú láàárín wa, òun ni Ààfáà Bísíríyù máa ń ránṣẹ́ pè. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ tutù, pé bí ó bá ń wẹ òkú, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun: "Rọra yí ẹ̀gbẹ́. Ó kù díẹ̀, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán." Èmi ò rí ọlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mùlíkátù dàgbà, ó fẹ́ Afọlábí, apẹja, ọmọ onílẹ̀ Ẹ̀pẹ́. Ilé ọkọ rẹ̀ wà létí ọ̀sà. Oyún àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ dé, tí olóde sì bá ọyẹ́ wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ olóde. Àìsàn tí ń sú síni lára bí ẹ̀wà ni, tí í fọ́ ẹlòmíràn lójú, tí ó sì ń pa púpọ̀. Àwa mùsùlùmí kì í fi òkú rẹ̀ pamọ́. À ń wẹ̀ ẹ́, à ń dì í láṣọ funfun, à ń kírun sí i lára, a sì ń sin ín lójú mọmọ sí ilẹ̀ tí wọ́n fún wa lẹ́bàá ọ̀nà ọjà. Ààfáà Bísíríyù kò fẹ́ rúdurùdu, ó jẹ́ kí ibojì tò ní ìlà kan ṣoṣo, òkìtì lẹ́yìn òkìtì. Àwọn tí ibà ti pa kí olóde tó dé wà nínú ìlà náà. Àwọn tí ọta ìbọn Èkó bá wọn dé, tí wọn ò sì yè é, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ta ni yóò dúró yà wọ́n sọ́tọ̀? Ọlọ́jà kàn ń kọjá ni, ó ń rí ìlà tí ń gùn.

Tàwọn onílẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí olóde bá pa láàárín wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀. Àwọn tí ń bọ olóde á wá gbé e lọ sínú igbó, wọ́n á kó ẹrù rẹ̀, ará ilé á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ohun tí ó pa á, kí ó má baà padà wá. Bí ẹ bá béèrè olóògbé, wọ́n á ní, "Ó rin ìrìn àjò." Kò sí òkìtì, kò sí ẹkún, kò sí ohun tí ojú lè rí.

Nítorí náà ni ìlú fi wo ibojì wa, tí wọ́n sì ní àwa nìkan ni à ń kú. Àwọn àgbà pàṣẹ pé kí gbogbo obìnrin Èkó tí ó wà nílé ọkọ láàárín onílẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi tutù.

Ìyá bàbá mi gbọ́, àyà rẹ̀ já. Òun ni ó ń wẹ òkú láti àárọ̀, òun ni ó ń tẹ̀lé òkú lọ síbi ìlà yẹn. Báwo ni yóò ṣe wá gbà pé ibòmíràn burú ju ọ̀dọ̀ òun lọ? Ó ti ibi òkú wíwẹ̀ bọ́ sí ilé àna rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú baálé.

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín," ni ó wí, "ẹ má dá Mùlíkátù padà sọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ̀ wa ni ikú wà. Ẹ jẹ́ kó bí ọmọ rẹ̀ síbí."

Baálé náà yíjú sí ìyàrá tí ó wà ní títì lẹ́yìn rẹ̀. Ó padà kọjú sí ìyá bàbá mi.

"Ìyá ìyàwó wa," ni ó wí, "ṣé ó dá yín lójú pé ibí ni ẹ fẹ́ kó wà?"

"Ó dá mi lójú. Ojú mi ni mo fi ń rí ibojì."

Ó gbà fún un. Ìyá bàbá mi dúpẹ́ títí, ó tún gbé àgbọ̀n ẹja yíyan ránṣẹ́ sí i. Bí mo bá rántí àgbọ̀n ẹja yẹn, omi á lé sí mi lójú. Ọkùnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ni àṣà dì.

Ẹni tí ó wá sọ ọ́, tàbí tí ó sọ ìwọ̀n tí ó lè sọ, ni Fọlákẹ́, ọmọ onílẹ̀ tí òun àti ìyá bàbá mi jọ ń ta ẹja. Nígbà tí ó gbọ́ pé Mùlíkátù ò kúrò, ó fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró ti ìyá bàbá mi.

"Ìyá Mùlíkátù," ni ó wí, "ibi tí ilẹ̀ ti ga ni ẹ̀ ń wò. Ẹ wo ibi tí ó ṣófo."

"Ibo ló ṣófo?"

"Àtẹ ta ni ẹ kò rí lápá ọ̀dọ̀ wa? Ẹ bi mí ibi tí wọ́n lọ."

Ìyá bàbá mi wo apá ibi tí àwọn obìnrin onílẹ̀ máa ń jókòó sí. Olúkúlùkù ló ní àyè tirẹ̀ lọ́jà yẹn, ẹlòmíràn kì í gbà á. Ó bi Fọlákẹ́ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan àyè tó ṣófo. Fọlákẹ́ ń dáhùn bákan náà: "Ó rin ìrìn àjò." Ó bi í nípa òmíràn. "Ó rin ìrìn àjò." Ìrìn àjò wo? Ìjẹ̀bú ti ti bodè mọ́ ará Ẹ̀pẹ́ nítorí àìsàn náà, ọkọ̀ kò sì gbé èrò kọjá ọ̀sà mọ́.

Ó dé ilé, kò jẹun. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Àwọn ẹlẹ́ja tó ti kú nìkan ni ó mú láti kà, nítorí àwọn ni ó mọ̀ lọ́tùn-ún lósì, àwa ará Èkó àti àwọn onílẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé iye kan náà lọ́jà. Fún olúkúlùkù ẹlẹ́ja Èkó tí olóde pa, tí òun fúnra rẹ̀ wẹ̀, ó fi ìkarahun ìgbín kan lélẹ̀. Fún àyè onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó ṣófo, ó fi ekùrọ́ kan. Nígbà tí ó tò wọ́n tán, ìlà tiwa ni ó gùn jù. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ balẹ̀. Ó tún wò ó, ó rí i pé ìgbín ló tóbi, kì í ṣe pé ó pọ̀. Ó kó ìkarahun kúrò, ó fi ekùrọ́ rọ́pò wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìka wọn àyè tí ó wà láàárín wọn kí ó lè dọ́gba. Ìlà àwọn onílẹ̀ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po méjì tiwa.

Ó fi ìborùn kọ́rùn, ó sáré. Ó ní títí òun fi dé etí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ baálé yẹn ló ń dún létí òun, pé ṣé ó dá òun lójú.

Afọlábí ni ó pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ bá wa dúpẹ́," ni ó wí.

"Ìyàwó rẹ dà?"

"Mùlíkátù rin ìrìn àjò."

Ìyá bàbá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ. Ó ní kí wọ́n fi ibẹ̀ han òun, kí òun kàn da omi sí i lára, kí òun bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rọra, kí ẹkún má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó kó bá gbogbo ilé. Obìnrin tí ó ti wẹ gbogbo obìnrin àdúgbò, kò rí ọmọ bíbí inú rẹ̀ wẹ̀. Ìbànújẹ́ yẹn ò tán lára rẹ̀ títí ó fi kú.

Nígbà tí ó padà délé, Ààfáà Bísíríyù ti wà níbẹ̀, ẹnì kan ti sọ fún un. Ìyá bàbá mi mú ekùrọ́ kan lójú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìlà méjèèjì. Ó gbé ekùrọ́ náà sí ìparí ìlà àwọn onílẹ̀.

"Sèlíátù," ni ààfáà wí, "ọmọ wa ni Mùlíkátù. Kà á mọ́ wa."

"Ilé wọn ló kú sí, ààfáà, kò sì ní ibojì," ni ìyá bàbá mi wí. "Bí mo bá kà á mọ́ wa, èmi náà á wà lára àwọn tí ń purọ́ nípa ibi tí ikú wà. Ìyá òmíràn á sì tún gbà wọ́n gbọ́."