Yàrá Orin Burga

Notburga Eibl, tí wọ́n ń pè ní Burga, kò lọ́rẹ̀ẹ́ lábúlé Hinterau, kò sì wá a. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin nílé ìwé ibẹ̀: wọn a fò, wọn a fẹsẹ̀ jan ilẹ̀, wọn a lu igi tó bá wù wọ́n lórí sáílófóònù, ohun èlò orin tí wọ́n to igi pẹlẹbẹ sí lórí. Korbinian Laimer, ọ̀gá ilé ìwé, tó tún jẹ́ olórí àwọn onífèrè abúlé, kò fẹ́ rí i sójú. "Tíṣà oníjó" ló ń pè é lójú àwọn ọmọ. Yàrá orin Burga ló fẹ́ gbà fún àwọn onífèrè. Nígbà tó yá, ó pe àwọn bàbá ọmọ kí wọ́n wá wo bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n sì dìbò lórí yàrá náà.

Burga máa ń yọ àwọn igi tí ohùn wọn kì í bá tàwọn yòókù rẹ́ kúrò lórí sáílófóònù, kí ohunkóhun tí ọmọ bá lù lè dùn. Àwọn bàbá ti jókòó tán kó tó rí i pé Laimer ti dá gbogbo igi náà padà sáyè wọn.

"Mo bá yín tún wọn ṣe ni, Ìyáàfin. Wọ́n ti káyín jù."

"Ẹ kú iṣẹ́ ibi, Ọ̀gá."

Burga nawọ́ láti yọ àwọn igi náà, Laimer dí i lọ́nà. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí ẹ bá kọ́ àwọn ọmọ lóòótọ́, wọ́n á mọ̀ ọ́n lù."

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀, orin sì dàrú pátápátá. Àwọn bàbá ń rẹ́rìn-ín. Ni Vroni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bá dáwọ́ dúró. Ó tẹ́tí, ó lu igi kan, ó yọ ọ́ sọnù. Ó tún yọ òmíràn. Àwọn yòókù ṣe bíi tiẹ̀, wọ́n sì padà sórí orin. Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn bàbá.

Ramsl, bàbá Vroni, béèrè pé, "Ta ló kọ́ ẹ lèyí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Etí mi ló sọ fún mi."

Laimer pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Tíṣà ò kọ́ ọ ní nǹkan kan."

Ọwọ́ mẹ́sàn-án nínú méjìlá lọ sókè pé kí wọ́n gba yàrá náà. Vroni bú sẹ́kún. Burga mọ̀ pé bí òun bá ní kí Vroni tún un sọ, kó ní tíṣà ló kọ́ òun, ọwọ́ púpọ̀ á wálẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà.

"Òótọ́ lo sọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ́nu ẹ."

Ó dìde, ó ju kọ́kọ́rọ́ yàrá sí Laimer lẹ́sẹ̀.