Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Tó Wà Láàárín Fíìmù

Ọjọ́bọ̀ ni, aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn dá mi lójú, torí pé láti ibi ààrò bísíkíìtì dé ilé oúnjẹ iléeṣẹ́ wa n'Íkẹjà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Mo ti wọ̀n ọ́n rí. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni mí.

Fíìmù kan ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí mo wọlé. Màmá tó ń dáná fún wa bu ìrẹsì sínú àwo mi, wọ́n ní, "Alákọ̀wé, àbúrò mi ló ṣe fíìmù yìí. Inú páálí ni àwọn díìsì ẹ̀ wà ní Agége títí dòní, kò sẹ́ni tó rà á. Ó ti fẹ́ ta kámẹ́rà ẹ̀, kó máa ṣe iṣẹ́ wáyà iná nìṣó. Ó ní àfi tí ẹnì kan tó kàwé, tí kì í ṣe ẹbí wa, bá sọ pé iṣẹ́ gidi ni. Bá mi wò ó. Má purọ́ o."

Ẹlòmíì ì bá rẹ́rìn-ín, kó gba oúnjẹ rẹ̀, kó ní ó dáa. Èmi ní kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan, mo sì lọ mú ìwé.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ bísíkíìtì wò. Mo máa ń mú díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ láàárín, díẹ̀ níparí, kí n tó sọ pé ọjà yege. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí èmi ò fi sọ́kàn. Ẹgbẹ́ mẹ́ta la pín sí láti jẹun, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ bá wọlé láago méjìlá ni màmá máa ń tan fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì lèmi wà. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún gbáko ni mo fi wo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan náà, èyí tó wà láàárín: ọkùnrin kan ń gbálẹ̀ àgbàlá. Ó gbálẹ̀, ó jókòó, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ó tún gbálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo dájọ́. "Mà, kò lórí, kò nídìí. Kò yege."

Màmá ò bínú. Wọ́n bu ẹran fún mi bíi ti àtẹ̀yìnwá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àwọn ti jẹ́ iṣẹ́ mi fún àbúrò àwọn, kò lé, kò dín, ó sì ti ń wá ẹni tó máa ra kámẹ́rà.

Ìrun Jímọ̀ ló tú mi fó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ máa ń bá àwa Kìrìsìtẹ́nì inú ẹgbẹ́ kejì pààrọ̀ àsìkò, kí wọ́n lè lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ti máa ń sá fún un. Ebi kì í pa mí láago méjìlá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kan dì mí lápá mú. "Bọ̀dá Bísíkíìtì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàánú mi. Ṣé ìgbà tí ìmáámù bá ń sálámà parí ìrun ni kí n tó dé ni?"

Bí mo ṣe rí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù nìyẹn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan jà nítorí ilé bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n fẹsẹ̀ fa ìlà sáàárín àgbàlá, ó ní kí àbúrò má kọjá á, ó sì kó lọ. Àbúrò ni ọkùnrin tó ń gbálẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo padà sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tèmi. Nígbà àkọ́kọ́, ìgbálẹ̀ rẹ̀ dúró síbi ìlà. Nígbà kejì, ó kọjá díẹ̀, ó fà á padà. Nígbà kẹta, ó gbá a dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n. Mo ti wo èyí lẹ́ẹ̀marùn-ún, mi ò rí ìlà kankan.

Mo jẹ́wọ́ fún màmá. "Mà, kí ni mo wá ń wò látọjọ́ yẹn?"

"Ẹran ni. Mo ń wò ẹ́. Ojú ẹ ò kúrò lára ẹran."

Wọ́n ní kí n fẹsẹ̀ ara mi lọ sọ ọ́. Mo da fíìmù náà sórí fóònù, mo wò ó látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ní Sátidé, mo lọ bá àbúrò wọn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ágége. Kámẹ́rà wà lórí tábìlì. Ó ní ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ láago mẹ́rin.

"Ìwọ lo ní kò lórí, kò nídìí?"

"Èmi ni, sà. Mo wá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Mo ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbọ́ ọ tán. "Ọwọ́ wo ló fi gbá apá ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀?"

Mo lè kàn mú ọ̀kan; ọwọ́ méjì péré lèèyàn ní. Mo ní mi ò mọ̀.

A jọ wò ó lórí fóònù mi. Ọwọ́ òsì ni. Ó ń fi ọ̀tún gbá apá tirẹ̀, ó dé ìlà, ó pààrọ̀ ọwọ́. Ó ń tún ilẹ̀ ṣe de ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń bú u lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bú sẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí nípa ọwọ́ yẹn," ó ní.

"Sà, èmi náà ò bi yín. Ẹ̀yin lẹ bi mí."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ báyẹn."

Lọ́jọ́ Ajé, màmá ní àbúrò àwọn ò ta kámẹ́rà mọ́. Màmá fẹ́ràn àbúrò wọn. Mi ò lè ka ìyẹn sí ẹ̀rí. Ẹni tó fẹ́ ta kámẹ́rà pàápàá lè fẹ́ kí bátìrì ẹ̀ níná nínú kí ẹni tó ń rà á tó dé. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni pé nígbà tí mo ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sátidé yẹn, láago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yọ bátìrì kámẹ́rà náà, ó fi í sínú ṣájà, iná pupa sì tàn.